Owó fàdákà inú agolo ìyá àgbà: kí ló ń sọ iye tó máa pa?

Ọmọ Ọ̀jẹ́
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o. A ń palẹ̀ yàrá ìyá tó bí ìyá wa mọ́ ní Bẹẹrẹ, la bá rí agolo bisikíìtì kan lábẹ́ àpótí aṣọ. Owó onírin ló kún un dẹ́nu. Ṣílè tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn pọ̀ níbẹ̀: 1913, 1914, 1917, 1920 méjì, àti àwọn tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó jẹ́ 1936 àti 1938. Tọ́rọ́ àti sísì wà, kọ́bọ̀ oníhò láàárín wà, owó ńlá kan sì wà tó ní àwòrán obìnrin kan tó sanra, 1780 ni wọ́n kọ sí i. Owó ṣílè méjì kan ti ní ihò lókè, ó jọ pé wọ́n ti fi so sọ́rùn rí.

Mo kó díẹ̀ lọ bá ọkùnrin kan tó ń ra góòlù ní Dùgbẹ̀. Kò wo ọdún, kò wo àwòrán, orí sikéèlì ló da gbogbo rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà, ó dá iye, mo kó owó mi padà. Nílé, àǹtí mi ti gbé ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú jáde, wọ́n ní ká fọ̀ ọ́ kó dán kí olówó tó rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ṣé bó ṣe pẹ́ tó ni, àbí bó ṣe wúwo tó?

Tíṣà Agodi
Àbúrò, kó tó di pé a sọ̀rọ̀ iye rárá, lọ gba ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn lọ́wọ́ àǹtí. Rọra gbà á o, kí wọ́n má bínú. Eérú, ọṣẹ ìfọyín, Brasso, kàn-ìn-kàn-ìn, ìkankan nínú wọn kò gbọdọ̀ kan owó náà.

Dúdú tó bo fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí. Imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló bá fàdákà pàdé tó fi ṣú bẹ́ẹ̀, ara owó náà gan-an ló ti dà. Tẹ́ ẹ bá fi eérú ha dúdú yẹn kúrò, fàdákà tó wà lókè á bá a lọ, ojú tí owó náà gbé jáde láti ilé ìtẹwó á bá a lọ pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ máa ń mọ èyí tí wọ́n ti ha lójú ẹsẹ̀, nítorí wọ́n á rí ìlà tín-ín-tín-ín tó gba ọ̀nà kan náà, wọ́n á sì rí dídán tí kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbà. Ta ló máa fi owó rẹ̀ ra ohun tó dúdú bí ìdí ìkòkò? Lọ́jà wa, èyí tó bá dán ni oníbàárà ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Tíṣà Agodi
Ìyá Ìbejì mi, tó bá jẹ́ ẹ̀gbà ọrùn lẹ fẹ́ tà, ẹ jàre mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó owó jọ kì í wá ohun ọ̀ṣọ́, ojú àtètèkọ́ṣe ló ń wá. Àwọn ilé iṣẹ́ méjì ní Amẹ́ríkà tó ń yẹ owó wò tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì, PCGS (wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1986) àti NGC (1987), tí wọ́n bá ti rí i pé wọ́n ha owó kan, wọn kì í fún un ní nọ́ńbà tí wọ́n ń fún àwọn yòókù mọ́. Wọ́n á kàn kọ ọ́ sára rẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ẹ wá wo ẹni tó máa san owó gidi lórí ìyẹn.

Tí iyẹ̀pẹ̀ tàbí epo bá wà lára rẹ̀, omi tó mọ́ tàbí ásítóònù tí wọn kò da nǹkan mọ́ ti tó. Ẹ rẹ ẹ́ sínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kó dá gbẹ. Ẹ má nù ún.

Bàbá Mọ́kọ́lá
Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ yìí sọ ti irin tó wà nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọkùnrin Dùgbẹ̀ yẹn ti fẹ́ jẹ ẹ́ gbé. Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, níbi tí olè ti í jàre olóhun!

Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó wa. Láti 1913 ni wọ́n ti ń tẹ tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì tó jẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fúnra rẹ̀, tí a ń ná nílùú wa, ní Gold Coast, ní Sàró àti ní Gáḿbíà. Kó tó dìgbà náà, owó fàdákà ìlú ọba gan-an là ń ná níbí. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ ní 1913 yìí, fàdákà 925 nínú 1000 ni wọ́n, bàbà ló kún ìyókù. Ṣílè kan wọ̀n gíráàmù 5.65, ṣílè méjì wọ̀n 11.31. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò: fàdákà tó mọ́ gaara nínú ṣílè kan jẹ́ gíráàmù 5.23.

Ogun àgbáyé kìíní wá sọ fàdákà di ọ̀wọ́n. Tí áúnsì kan bá ti kọjá pẹ́ńsì 66, fàdákà inú ṣílè ti níye ju ṣílè fúnra rẹ̀ lọ. Ní oṣù kejì 1920, ó gun 89 àti ààbọ̀. Ẹ rò ó wò: ẹni tó yọ́ owó jèrè ju ẹni tó ná an lọ. Ìdí nìyẹn tí Board fi yí padà ní ọdún yẹn kan náà sí idẹ tí wọ́n pò mọ́ tánńganran. Ìyẹn ni 1936 àti 1938 rẹ ṣe pọ́n. Kò sí fàdákà nínú wọn rárá, ì báà dán bí ó ti wù kó dán. Yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

1920 ni kí o ṣọ́ra fún. Fàdákà wà nínú ti ọdún yẹn, idẹ náà sì wà. Má fi ojú lásán pín wọn.

Tí o bá rí owó tó jẹ́ ti ìlú ọba fúnra rẹ̀ (kò ní igi ọ̀pẹ), ààlà tirẹ̀ yàtọ̀. Títí dé 1919, fàdákà 925 ni. Láti 1920 sí 1946, 500 ni. Láti 1947, òfo, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni. Ẹni tó bá ní ti Silver Jubilee 1977 ti Ọbabìnrin Elizabeth nínú páálí rẹ̀, kó má yára retí fàdákà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní in. Ó pọ̀ lọ jàra ni.

Ọmọ Ọ̀jẹ́
Ẹ ṣeun gan-an Bàbá. Nítorí náà, iye fàdákà inú rẹ̀ ni iye owó náà nìyẹn?

Bàbá Mọ́kọ́lá
Rárá o. Ìyẹn ni ilẹ̀ tí kò lè já kọjá. Mú iye áúnsì fàdákà kan lónìí, pín in sí 31.1, kí o fi 5.23 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó bá dá iye tó kéré sí ìyẹn, ó ń fi ọ́ ṣeré ni. Èyí tó bá kọjá rẹ̀ ni àwọn akówójọ ń san fún nǹkan mìíràn, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ á sọ ọ́.

Ará Houston
Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà níbí tí wọ́n ti ń ta irú ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti wọn ṣàlàyé. Dọ́là fàdákà kan wà tí wọ́n ń pè ní Morgan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti 1878 títí dé 1904, lẹ́yìn náà wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Gbogbo wọn wọ̀n bákan náà, gíráàmù 26.73, fàdákà 900. Ti 1921 tí wọ́n tẹ̀ ní Philadelphia lé ní mílíọ̀nù 44. Ẹ ó rí i rà ní owó tí kò jìnnà sí iye fàdákà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti 1893 tó ní lẹ́tà S lẹ́yìn, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní San Francisco, 100,000 péré ni. Kódà èyí tó ti parẹ́ lójú ń ta ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Fàdákà kan náà, ìwọ̀n kan náà. Lẹ́tà kékeré kan àti ọdún ló yàtọ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi kún un pé iye tí wọ́n tẹ̀ kọ́ ni iye tó kù. Ní 1918, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Pittman Act, wọ́n sì yọ́ dọ́là fàdákà tó lé ní mílíọ̀nù 270. Kò sẹ́ni tó kọ ọdún èyí tí wọ́n yọ́ sílẹ̀. Ní January 1980, nígbà tí àwọn Hunt, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò olówó Amẹ́ríkà tó ń ra fàdákà jọ, gbé iye áúnsì kan gun nǹkan bíi 50 dọ́là, àìmọye owó àtijọ́ ló tún wọ iná. Nítorí náà, owó kan lè jẹ́ pé ó pọ̀ lórí ìwé, kó sì ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ èèyàn.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ìyẹn ni pé tiwa náà wọ iná. Àwọn àgbẹ̀dẹ fàdákà tiwa, kí ni wọ́n fi ń rọ ẹ̀gbà àti òrùka?

Bàbá Mọ́kọ́lá
Ẹ ò purọ́ mà. Ṣílè wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Akọ̀wé Òkè-Àdó
Ọmọ Ọ̀jẹ́, mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, wo ìhà tí ọdún wà dáadáa. Tí o bá rí H, ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló tẹ̀ ẹ́. KN ni Kings Norton, Birmingham náà ni. Tí kò bá sí lẹ́tà kankan, Royal Mint ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ṣílè 1920 kan tún wà tó ní G, ti Gaunt, èyí ṣọ̀wọ́n, idẹ sì ni, kì í ṣe fàdákà! Mo sọ ọ́ kí o lè rí i pé irin nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbí. Ọdún kan náà, lẹ́tà méjì tó yàtọ̀, iye wọn lè jìnnà síra. Nítorí náà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan: owó wo ni, ọdún wo, lẹ́tà wo, irin wo.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kí orí rẹ wú jù. Àwọn tó ń kó owó British West Africa jọ kò tó ìdámẹ́wàá àwọn tó ń kó Morgan jọ, lójú tèmi. Ohun tó ṣọ̀wọ́n tí kò sẹ́ni tó ń wá a, ó lè wà lórí àtẹ fún ọdún mẹ́ta. Nǹkan méjì gbọ́dọ̀ pàdé, kó ṣọ̀wọ́n, kí èèyàn sì máa wá a.

Ọmọ Ọ̀jẹ́
Mo ti rí H lára ti 1914. 1913 kò ní nǹkan kan. Àwọn tọ́rọ́ ti parẹ́ débi pé adé ọba kò hàn mọ́, orí lásán ló kù.

Tíṣà Agodi
O ti dé ibi tí mo ti ń dúró dè ọ́. Bí owó náà ṣe rí lójú ló ń da iye rẹ̀ rú jù lọ. Lókè òkun, wọ́n ń fi nọ́ńbà 1 sí 70 díwọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Sheldon ló gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bí 1948. 1 ni èyí tí o kàn lè dá mọ̀ pé owó ni, 60 sókè ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná rí.

Gbé ṣílè rẹ lọ sí ẹ̀bá fèrèsé láàárọ̀, yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ibi tó yọ sókè jù ló ń kọ́kọ́ parẹ́: irun ojú ọba, irùngbọ̀n rẹ̀, òkúta ara adé, àti lẹ́yìn, àárín imọ̀ ọ̀pẹ. Tí adé bá ṣì ní gbogbo ìlà rẹ̀, tí irùngbọ̀n ṣì ṣeé yà sọ́tọ̀, o ní nǹkan lọ́wọ́. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń sáré yí ká ojú rẹ̀ bí o ṣe ń yí i, ìyẹn ni dídán tó bá a wá láti ilé ìtẹwó. Má fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀ mọ́, etí rẹ̀ ni kí o máa dì mú.

Owó tiwa kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ ìdí. Ọjà ló ná an. Owó kòkó wọlé, ó gba Gbági, ó gba Ọjà Ọba, ó tún padà sí oko, ọdún dé ọdún. Nítorí náà, ṣílè 1913 tó ti parẹ́ kò sábà kọjá fàdákà inú rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ lórí, àmọ́ ṣílè 1913 tí kò tíì wọ ọjà, ẹ jẹ́ ká fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọdún kan náà ni o.

Alájé Gbági
Ẹ fi àwọn àlàyé gígùn yìí sílẹ̀. Ẹnìkan ní Facebook ń ra kọ́bọ̀ oníhò 1936 ní mílíọ̀nù méjì náírà, orúkọ Ọba Edward Kẹjọ ló wà lára rẹ̀, ọba tí kò pẹ́ lórí oyè. Owó kékeré kan ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi forúkọ sílẹ̀.

Akọ̀wé Òkè-Àdó
Alájé, ẹ má san án! Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ yín, kí ló dé tí ẹ̀yin ló tún máa sanwó fún un? Ọgbọ́n jìbìtì tó ti pẹ́ ni. Àwọn kan náà ló ń sọ pé kọ́bọ̀ 1991 níye lórí, bẹ́ẹ̀ irin lásán tí wọ́n fi nǹkan bò lójú ni.

Ìtàn náà ní òótọ́ nínú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Edward Kẹjọ jọba láti January sí December 1936, ó fi oyè sílẹ̀, wọn kò sì ná owó tó ní àwòrán orí rẹ̀ ní ìlú ọba. Ṣùgbọ́n onínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ oníhò tiwa kò ní orí ọba, adé àti orúkọ nìkan ló wà lára wọn. Wọ́n ti tẹ̀ wọ́n kó tó lọ, wọ́n sì ná wọn. Ó pọ̀. Ohun tó dùn-ún ní lọ́wọ́ ni, kò gbówó lórí. Kì í tilẹ̀ ṣe fàdákà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye gidi, kó lọ wo èyí tí wọ́n ti tà tán ní eBay, kó má wo èyí tí wọ́n ń bèèrè. Ẹnikẹ́ni lè bèèrè mílíọ̀nù. Kátálọ́ọ̀gù Numista wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó rí ìwọ̀n àti irin owó kọ̀ọ̀kan níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀jẹ́
Obìnrin 1780 yẹn ńkọ́? Òun ló pẹ́ jù, òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Bàbá Mọ́kọ́lá
Haa, ọmọ mi. Maria Theresa nìyẹn, ọbabìnrin Austria. Ọdún 1780 ló kú, àwọn èèyàn sì ti gbẹ́kẹ̀ lé owó rẹ̀ débi pé wọn ò gbà kí ojú rẹ̀ yí padà. Nítorí náà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ọdún 1780 kan náà lára rẹ̀, ní Vienna, lẹ́yìn náà ní Róòmù, Lọ́ńdọ̀nù, Paris, Bombay. Àwọn ará Kánò àti Bọ̀rnú ná an dáadáa láyé àtijọ́. Ó ṣeé ṣe kó gba Sábó wọ ọwọ́ ìyá yín. Gíráàmù 28.07 ni, fàdákà 833, nítorí náà fàdákà rẹ̀ tó mọ́ lé ní 23. Èyí dára, ó ju ṣílè mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n iye fàdákà inú rẹ̀ ló sábà ń pa. Èyí tó bá jẹ́ ti ìgbà ayé obìnrin náà gan-an, àwọn àmì wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú ló lè wò ó fún ọ. Ya fọ́tò rẹ̀ níwá lẹ́yìn, má ta á ní wàràwàrà.

Ti ṣílè méjì oníhò, iye akówójọ ti lọ lára ìyẹn. Wọn kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti dá ihò sí tàbí tí wọ́n jó irin mọ́. Tèmi ni pé kí ẹ má tà á rárá. Ẹ̀gbà ọrùn ìyá yín ni.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ẹ wí ire, Bàbá. Tó bá sì máa tọ́jú ìyókù, kó má fi rọ́bà dì í o. Mo ti rí bí rọ́bà ṣe ń fi ìlà dúdú sára fàdákà.

Tíṣà Agodi
Ìyá Ìbejì ti gbà báyìí! Òótọ́ ni, imí ọjọ́ wà nínú rọ́bà. Ọ̀rá PVC náà kò dára, ó máa ń mú kí nǹkan tútù aláwọ̀ ewé yọ lára owó. Ìwé páálí kékeré tó ní ojú ọ̀rá Mylar ni wọ́n ń lò. Kó o sí ibi tó gbẹ, òjò Ìbàdàn kì í fojú rere wo fàdákà.

Ọmọ Ọ̀jẹ́
Mo gbọ́ mà, mo gbọ́ sà. Ó ku 1920 méjì yẹn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n láìfi kẹ́míkà kàn án? Mágínẹ́ẹ̀tì kò fa ìkankan nínú wọn.

Bàbá Mọ́kọ́lá
Kò ní fa idẹ, kò ní fa fàdákà, nítorí náà kò lè yà wọ́n fún ọ. Ayédèrú onírin nìkan ló ń tú fó. Yá sikéèlì tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù lọ́wọ́ oníwúrà. Gbé ife omi lé e, sọ ọ́ di òdo. Fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so owó náà, rì í sínú omi kó má kan ìsàlẹ̀, kó má kan ẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà tí sikéèlì bá mú wá, fi í pín ìwọ̀n owó náà nígbà tó gbẹ. Fàdákà 925 á fún ọ ní nǹkan bíi 10.3 tàbí 10.4. Idẹ kò ní kọjá 8 àti díẹ̀.

Ọmọ Ọ̀jẹ́
Mo ti ṣe é. Èkíní mú 0.55 wá nínú omi, èkejì 0.66.

Bàbá Mọ́kọ́lá
Èkíní ni fàdákà. Èkejì, idẹ ni. Ṣùgbọ́n kó o tó jù ú padà sínú agolo, wo ìdí rẹ̀ bóyá lẹ́tà wà níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀jẹ́
Lẹ́tà kan wà o. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, mi ò mọ̀ bóyá G ni tàbí C.

Akọ̀wé Òkè-Àdó
C kò sí. Ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀, pa iná fóònù, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí o gbé e síbí kí gbogbo wa jọ wò ó. Kí àǹtí má tíì gbọ́.